Wọ́n La Ọ̀nà Ẹ̀bùrú Sínú Ikùn Mi

Ọdún tí àwọn sọ́jà kó ẹrù wọn padà sí bárékè ni mo kúrò ní Bariga. Gbogbo ènìyàn ló ń yọ̀ nígbà náà. Wọ́n ní ìjọba alágbádá ti dé, iná ò ní lọ mọ́, omi á máa yọ lẹ́nu ẹ̀rọ, ọlọ́pàá á sì máa fi ẹ̀rín kí ènìyàn. Ìyá mi dúró ti ààrò tí wọ́n fi ń yan ẹja, èéfín bò wọ́n lójú, wọ́n bi mí pé, "Ìgbà tí nǹkan fẹ́ẹ́ dáa ni ìwọ wá ń lọ?"

Mo ní, "Màámi, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ dáa ná. Màá padà wá jẹ nínú ẹ̀."

Ó ti pẹ́ tí mo ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn. Mo ṣì ń retí.

N ò ní fi ìtàn físà àti ọkọ̀ òfuurufú dá yín lágara. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ikùn mi ni mo fẹ́ sọ, nítorí nínú gbogbo ẹ̀yà ara tí mo kó lọ sí òkè òkun, òun ni ojú rẹ̀ rí nǹkan jù.

Ìlú tí mo bá ara mi wà ní àríwá Ìlú Ọba, òkè ọya àwọn òyìnbó. Mo ti gbọ́ nípa òtútù kí n tó lọ, àmọ́ kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé òtútù máa ń wọ inú eyín. Síbẹ̀, òtútù kọ́ ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù; ìdákẹ́rọ́rọ́ ibẹ̀ ni. Ní Bariga, bí o bá sín, ilé mẹ́ta ni yóò kí ọ. Níbẹ̀, yìnyín yọ̀ mí ṣubú ní ibùdókọ̀, mo fi ìdí jókòó gbàmù sílẹ̀, ọkùnrin kan sì rọra yà fún mi, ó ní "Sọ́rì", ó bá tirẹ̀ lọ, àfi bíi pé òun ló da yìnyín síbẹ̀. Oòrùn wọn náà ò nítìjú. Kí oúnjẹ ọ̀sán tó dà nínú mi, ó ti wọ̀.

Iṣẹ́ tíṣà ni mo ṣe ní Shomolu. Ní Ìlú Ọba, wọ́n wo ìwé ẹ̀rí mi, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n sì fún mi ní àwọ̀n tí wọ́n fi ń bo irun, pé kí n lọ máa to kéèkì sínú páálí. Ará Ìlàjẹ ni bàbá mi, àwọ̀n ni wọ́n fi pẹja títí wọ́n fi kú. Èmi ọmọ wọn wá dé àwọ̀n lórí bí fìlà.

Ilé iṣẹ́ ńlá ni, kéèkì ń ti ẹnu ẹ̀rọ jáde bí ìgbà tí eṣú ń bọ̀. Èyí tó bá fọ́, tiwa òṣìṣẹ́ ni, ọ̀fẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ pa ọmọ Bariga, kó má wulẹ̀ fi ìbọn dààmú ara rẹ̀. Kó ṣáà sọ pé ọ̀fẹ́ ni. Mo jẹ èyí tó fọ́, mo jẹ èyí tó sán, nígbà tó sì yá, ojú mi bẹ̀rẹ̀ sí í rí ìsán lára èyí tí kò sán rárá.

Àǹtí Múyìbátù ni a jọ ń gbé ilé. Bajulaiye ní Shomolu ni wọ́n ti dàgbà, nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bàbá wọn, nítorí náà wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Wọ́n ń tọ́jú ọ́fíìsì, wọ́n ń kírun wákàtí márùn-ún, wọ́n sì ń bú gbogbo ohun tó wà láàárín méjèèjì. Bí mo bá gbé kéèkì wálé, wọ́n á ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ kí wọ́n fi kérénì gbé ọ jáde nínú ilé yìí ni?" Wọ́n á wá nawọ́ bu nínú ẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú ló burú jù. Ilé ìtajà máa ń tètè tì, ojú ọ̀run á dà bí omi tí wọ́n fi fọ ìkòkò. Mo máa ń jókòó síwájú fèrèsé, mo máa ń jẹun. Mo rò pé ebi ló ń pa mí.

Kí fóònù alágbèéká tó dé Nàìjíríà, ìyá mi ní láti lọ sí ilé ìpè kan lójú ọ̀nà Pedro kí n tó lè bá wọn sọ̀rọ̀. Mo máa ń gbọ́ ohùn wọn kí wọ́n tó dé ìdí fóònù, wọ́n á máa kí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀, owó á máa jò lórí mi. Nígbà tí wọ́n bá wá gbé e, ọ̀rọ̀ kan náà ni: "Ṣé o ń jẹun?"

"Mò ń jẹun, Màámi."

"Jẹun o. Ẹni tí ò jẹun, ìsọkúsọ ni yóò máa sọ."

Mo fi fọ́tò mi ránṣẹ́ sí wọn. Wọ́n gbé e kiri gbogbo etí ọ̀sà. Ìyá Rísì, aládùúgbò wa, sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ṣe ni wọ́n ń na fọ́tò ọ̀hún sójú ènìyàn bí ọlọ́pàá tó ń na wáráǹtì: "Ẹ wo ọmọ mi! Ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́! Ẹ wo ọrùn, ó ti pín sí méjì!" Lójú ìyá mi, ẹni tó bá sanra ti ṣẹ́gun.

Ṣé ẹ mọ bí àtọ̀gbẹ ṣe ń wọlé? Kì í kan ilẹ̀kùn. Mo ṣáà bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi bí ẹṣin, mo sì ń lọ sí ilé ìtọ̀ bí ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ níbẹ̀. Ojú mi ń ṣú. Nọ́ọ̀sì kan gún mi níka, ó wo ẹ̀rọ rẹ̀, ó wò mí, ó ní kí n jókòó dáadáa. Ó ní àtọ̀gbẹ oríṣi kejì ni. Ínsúlínì wà lára mi, ó ní, ṣùgbọ́n ara mi ti di etí ikún sí i, àti pé ó ti ń rẹ ibi tó ti ń jáde.

N ò gbọ́ ìyókù. Bàbá mi ni mò ń rí.

Ìṣó ló gún bàbá mi lẹ́sẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi. Egbò tí ọmọdé á fi itọ́ sí. Àtọ̀gbẹ kò jẹ́ kó jinná. Ó dúdú. Wọ́n gbé wọn lọ sí ọsibítù, wọ́n gé ọmọ ìka, wọ́n tún gé ẹsẹ̀, wọ́n tún gé e lókè orúnkún. Ìyá mi dúró lójú wíndò ọsibítù, wọ́n ń sọ pé, "Ṣé ẹ̀ ń gé e wálé díẹ̀díẹ̀ fún mi ni?" Bàbá mi kú kí ọ̀bẹ tó tún padà wá. Láti ọjọ́ náà, ìyá mi ò wọ ọsibítù mọ́. Bí ibà bá ṣe wọ́n, àgbo. Bí orí bá fọ́ wọn, àgbo. Bí ẹlòmíràn bá ń lọ sí ọsibítù, wọ́n á kí i bí ìgbà tí ènìyàn ń kí ológun tó ń lọ sógun.

N ò sọ fún wọn. Mo lo oògùn oníhóró, kò tó. Wọ́n ní kí n máa gún ínsúlínì. Mo gún un, ebi sì tún wá ń pa mí ju ti tẹ́lẹ̀, mo tún ń fẹ̀ sí i. Aṣọ ò gbà mí, àga ò gbà mí. Ọjọ́ tí mo bọ́ ìbọ̀sẹ̀ tí mo rí egbò kékeré kan lọ́mọ ìka ẹsẹ̀ tí n ò mọ ìgbà tó débẹ̀, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Àǹtí Múyìbátù wọlé, wọ́n wo ẹsẹ̀ mi, wọ́n sì dákẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i tí wọ́n dákẹ́ nìyẹn. Ìdákẹ́ wọn dẹ́rù bà mí ju egbò lọ.

Báyìí ni mo ṣe dé ọ̀dọ̀ dókítà oníṣẹ́ abẹ. Obìnrin kúkúrú kan ni, ìran Íńdíà tí wọ́n bí sí ìlú yẹn, ojú rẹ̀ mú bí ojú àṣá. Ó ní iṣẹ́ abẹ kan wà tí wọ́n ń ṣe fún àwọn tó sanra bíi tèmi, ó sì máa ń ran àtọ̀gbẹ wọn lọ́wọ́.

Mo ní, "Ẹ ṣàlàyé ẹ̀ kí ọmọ ẹlẹ́ja lè gbọ́."

Ó ya ikùn sórí bébà. Ó ní, "Èyí ni àpòlúkù yín. Màá gé orí rẹ̀ yà sọ́tọ̀, kò ní tóbi ju ẹyin adìyẹ lọ. Ìyókù á wà ní àyè rẹ̀, ṣùgbọ́n oúnjẹ ò ní gba ibẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà, màá fa ìfun wá sókè, màá rán an mọ́ àpò kékeré yẹn. Oúnjẹ á fo ìbẹ̀rẹ̀ ìfun, á tètè já sí ìsàlẹ̀."

"Ọ̀nà ẹ̀bùrú," ni mo wí lédè wa. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un. Inú rẹ̀ dùn sí i.

"Ẹ̀yin gbà pé torí pé ẹ ò ní lè jẹun púpọ̀ mọ́ ni ṣúgà ṣe máa wálẹ̀," ó ní. "Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Ìfun kì í ṣe páìpù lásán. Ó máa ń da oje sínú ẹ̀jẹ̀, oje tó ń jíṣẹ́ káàkiri ara. Họ́mónù là ń pè é. Bí oúnjẹ bá tètè dé ìsàlẹ̀ ìfun, ibẹ̀ á tú họ́mónù jáde ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Á lọ bá ibi tí ínsúlínì ti ń jáde, lẹ́yìn àpòlúkù, á ní: dìde, ṣúgà ń bọ̀. Á tún lọ bá ọpọlọ, á ní: ó tó, a ti yó. Họ́mónù mìíràn sì wà tí àpòlúkù fi máa ń pariwo ebi. Ohùn ìyẹn náà lè rọlẹ̀."

"Olófòófó ni ìfun yẹn," ni mo wí.

"Olófòófó tó wúlò," ó dáhùn.

"Ṣé àtọ̀gbẹ mi á lọ?"

"N kò lè búra. Ó lè lọ, ó sì lè lọ kó tún padà lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Ẹ ó máa lo fítámì títí ayé yín. Bí ẹ bá sì jẹ ohun dídùn, ara yín á bá yín jà. Ní ti bí àwọn họ́mónù yìí ṣe ń ṣe gbogbo iṣẹ́ wọn, àwa náà ṣì ń wádìí."

Ìyẹn ni mo fi gbà fún un. Ibi tí àwọn tí kò mọ nǹkan kan ti ń ṣe kámpéènì pé ká dìbò fún àwọn ni mo ti wá. Ìgbà àkọ́kọ́ tí màá rí ẹni ńlá tó ní òun ò mọ̀ nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, Àǹtí Múyìbátù gbàdúrà lé ikùn mi lórí, wọ́n kí i pé ó dàbọ̀, wọ́n ní àwọn á ṣàárò rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, n ò mọ nǹkan kan mọ́ títí mo fi jí, tí ẹnu mi gbẹ bí etí ààrò.

Ohun tó tẹ̀ lé e ni n kò lè gbàgbé. Kò tíì pẹ́ rárá, mo ṣì wà lórí omi ọbẹ̀ àti mílíìkì, ìdí mi ṣì gbòòrò bí mo ṣe gbé e wọlé. Nọ́ọ̀sì gún mi níka, ó wo ẹ̀rọ, ó gbọ̀n ọ́n. Ó lọ mú òmíràn wá. Ó tún gún mi. Ó pe dókítà. Mo ti ń ka sáàmù nínú mi.

"Kí ló dé?" ni mo bi wọ́n.

Dókítà ní, "Ṣúgà yín ti wálẹ̀. Ẹ jẹ́ ká dá abẹ́rẹ́ ínsúlínì yẹn dúró ná."

"Ṣùgbọ́n n ò tíì rù!"

"Ohun tí mo sọ fún yín náà nìyẹn," ó ní. "Oúnjẹ tí ẹ ò jẹ ṣe díẹ̀. Olófòófó yín ṣe díẹ̀."

Mo sunkún. Mo tún fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú abẹ ní kí n má dán an wò.

Mo padà sílé, ara mi ń fúyẹ́. Egbò ẹsẹ̀ san. Mo lè bẹ̀rẹ̀ so okùn bàtà mi láìmí hẹlẹhẹlẹ. Nínú bọ́ọ̀sì, ọkùnrin kan jókòó tì mí, àyè sì ṣẹ́ kù láàárín wa. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ọn. Ẹni tí kò bá sanra rí kò lè mọ̀ pé ìṣẹ́gun ni irú àyè bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí dókítà ò sọ. Ọjọ́ Àìkú dé, mo jókòó síwájú fèrèsé bí ìṣe mi, ebi ò pa mí. Mo gbé kéèkì síwájú, n ò fẹ́ ẹ. Ojú ọ̀run ṣì dà bí omi ìfọ̀kòkò. Nígbà tí ebi kó jáde nílé ni mo tó rí i pé òun àti àárò ni wọ́n jọ ń gbé yàrá kan náà, àárò sì jókòó síbẹ̀, kò múra àtilọ. Mo ti ń fi kéèkì bọ́ ọ láti ọjọ́ yìí. Wọ́n lè la ọ̀nà gba ẹ̀gbẹ́ àpòlúkù kọjá, ṣùgbọ́n kò sí dókítà tó lè la ọ̀nà gba ẹ̀gbẹ́ ọjọ́ Àìkú kọjá. Àǹtí Múyìbátù ni mo lọ bá nínú yàrá wọn. Mo ní, "Àǹtí, àárò ilé ń sọ mí." Wọ́n sún fún mi lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ní, "Àárò ilé ti ń sọ mí kí wọ́n tó bí ọ." Láti ọjọ́ náà, a jọ ń fi ọ̀rọ̀ pa ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, bíbú ìlú àti bíbú àwọn olóṣèlú ló pọ̀ jù níbẹ̀, ó sì ṣe mí lóore ju kéèkì lọ.

Ìyá mi ti ní fóònù tiwọn nígbà náà. Wọ́n ń so ó mọ́ ọrùn bí tírà. Ọjọ́ kan wọ́n ní, "Ohùn rẹ ti rù."

"Màámi, ohùn kì í rù."

"Tìrẹ ti rù. Kí ni wọ́n ń ṣe fún ọ níbẹ̀?"

N ò rí irọ́ tó dán pa. Mo ní mò ń bọ̀ wálé.

Mo wọ Bariga ní ọ̀sán, oòrùn ń mú. Ọ̀nà ṣì rí bí mo ṣe fi í sílẹ̀, kìkì pé àwòrán àwọn òṣèlú ti pọ̀ lára ògiri. Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n kọjá lára mi, wọ́n ń wo inú takisí bóyá ọmọ àwọn ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn.

"Màámi, èmi rèé."

Wọ́n yí padà. Wọ́n fọwọ́ bo ẹnu. Wọ́n ní, "Àwọn wo ló jẹ ọ́?"

Kí n tó jókòó, Ìyá Rísì ti gbé ìgò mọ́ọ̀tì tútù kan lé mi lọ́wọ́. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí n mu ún. Ṣùgbọ́n obìnrin yìí ti rà á, ó ti ṣí i, ó dúró síwájú mi, ó ń rẹ́rìn-ín, ta ni yóò wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ìfun? Mo mu ún, mo fẹ́ fi hàn pé èmi ṣì ni. Ó dùn. Kò pẹ́ tí ikùn fi kọ̀. Òógùn bò mí, àyà mi ń lù kìkì, ilé ń yí. Mo na gbalaja sórí ẹní.

Ìyá Rísì figbe ta. "Yéè! Àrùn éèdì ni! Mo ti sọ ọ́!"

"Nígbà wo lo sọ ọ́?" ni ìyá mi bi í.

Àwọn aládùúgbò kún ilé. Ẹnì kan lọ pe pásítọ̀. Ọkùnrin náà wọlé pẹ̀lú ìgò òróró, ó ní òun rí obìnrin arúgbó kan tó ń fa ìfun mi lójú ìran. Nínú gbogbo ìyà tó ń jẹ mí, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ ìfun, mo sì rò ó nínú mi pé ọkùnrin yìí súnmọ́ ọn díẹ̀ o, àfi ti ọjọ́ orí. Dókítà mi kò tíì darúgbó.

Ìyá mi bọ́ sí àárín ilé. "Arúgbó wo? Èmi nìkan ni arúgbó tó wà níbí. Ṣé èmi ni?" Pásítọ̀ ń kólòlò. "Ó yá, ẹ máa lọ, gbogbo yín. Ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn rí àyè wọlé."

Wọ́n lé wọn jáde, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ara mi ti ń balẹ̀. Wọ́n jókòó tì mí, wọ́n ní, "Tó bá jẹ́ éèdì ni, sọ fún mi. Màá tọ́jú rẹ. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí n gbọ́ ọ lẹ́nu Ìyá Rísì."

Mo gbé bùláòsì mi sókè, mo fi àwọn ojú abẹ kéékèèké hàn wọ́n. Mo sọ gbogbo rẹ̀: kéèkì, àtọ̀gbẹ, egbò ẹsẹ̀, obìnrin Íńdíà, ìfun olófòófó. Wọ́n gbọ́ ọ títí dé òpin. Wọ́n ò sunkún. Wọ́n na ìka, wọ́n rọra fi kan ojú abẹ kan, bí ìgbà tí wọ́n bá ń wò ó bóyá ẹja ti jinná.

Wọ́n ní, "Ó fi ọ̀bẹ wọ inú rẹ, o sì jáde láàyè."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi."

"Bàbá rẹ ò jáde."

Wọ́n dìde, wọ́n lọ sẹ́yìnkùlé. Wọ́n padà, wọ́n mu omi ife méjì. Kò pẹ́, wọ́n tún lọ sẹ́yìnkùlé. Mo ń wò wọ́n. Egungun èjìká wọn ti yọ, ìró wọn ti ń yí ìbàdí wọn ká lẹ́ẹ̀mejì. Mo bọ́ sẹ́yìnkùlé tẹ̀ lé wọn, mo rí i tí èèrà to lọ sí ibi tí wọ́n ń tọ̀ sí.

Mo ní, "Màámi, ó ti tó ìgbà wo?"

"Ooru ni."

"Ooru kì í fa èèrà."

Mo mú ẹ̀rọ ìwọn-ṣúgà mi jáde nínú àpò. Mo ní kí wọ́n na ọwọ́ wá. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì pa mọ́ sábẹ́ abíyá. "O ò ní gún mi. Egungun ẹja ń gún mi lójoojúmọ́, ìyẹn tó mi."

"Ẹ mọ̀, ẹ sì ń fi í pamọ́ fún mi!"

"Ìwọ náà fi tìrẹ pamọ́ fún mi." Ohùn wọn kéré. "Bí mo bá lọ, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti ọmọ ìka. Mo mọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gé ènìyàn. Mo kúkú wà níbẹ̀."

Mo jókòó sílẹ̀, mo bọ́ bàtà, mo gbé ẹsẹ̀ mi lé wọn lórí ìtan. Mo fi ibi tí egbò wà hàn wọ́n. Àpá lásán ló kù. Wọ́n dì í mú pẹ́, wọ́n ń fi àtàǹpàkò ra á, wọ́n ń yí i síwá sẹ́yìn bíi pé wọ́n ń wá ibi tí mo fi irọ́ sí. Nígbà tó yá, wọ́n yọ ọwọ́ kan, wọ́n nà án sí mi, wọ́n sì kọjú sí ògiri.

Ṣúgà wọn ga tó bẹ́ẹ̀ tí èmi náà fi gbọ̀n ẹ̀rọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, a lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà kan ní Fola Agoro. Ìyá mi wọ bàtà tó bo gbogbo ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí wọn. Dókítà yẹ̀ wọ́n wò, ó ní oògùn oníhóró ni wọ́n máa lò, kí wọ́n dín gààrí kù, kí wọ́n má sì jáwọ́ nínú ìrìn tí wọ́n ń rìn létí ọ̀sà.

Ìyá mi ní, "Iṣẹ́ abẹ ńkọ́?"

"Màmá, ẹ ò nílò rẹ̀."

"Èyí tí ẹ ṣe fún ọmọ mi, tó ń jẹ́ kí ìfun sọ̀rọ̀."

"Àwọn tó sanra la ń ṣe é fún, Màmá. Ẹ̀yin ti rù jù."

Ojú wọn yí padà. Obìnrin tí kò wọ ọsibítù láti ọdún tí bàbá mi kú dìde dúró lórí ọ̀rọ̀ náà. "Kí ló dé tí kò tọ́ sí mi? Ṣé torí pé mo jẹ́ ẹlẹ́ja ni? Ṣé ìfun àwọn ará Ìlú Ọba nìkan ló ní ẹnu?" Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kú fún ẹ̀rín. Títí a fi délé, wọ́n ń ráhùn pé wọ́n rẹ́ àwọn jẹ.

Ṣùgbọ́n wọ́n lo oògùn náà. Mo fi ẹ̀rọ mi sílẹ̀ fún wọn, mo sì ra òmíràn nígbà tí mo padà sí Ìlú Ọba. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ń bi mí pé báwo ni ilé. Mo ní ó dáa. Wọn ò lè mọ̀ pé ní ilé tí mo lọ yẹn, ìyá mi kọ́kọ́ wá mi nínú takisí tí mo ti sọ̀ kalẹ̀. Àti pé ní ilé tiwọn níbí, lẹ́yìn gbogbo ọdún yìí, wọ́n ṣì ń bi mí pé apá ibo ní Gánà ni Èkó wà. Mo ti dẹ́kun àtimáa bá wọn jà. N ò kún ibì kankan dẹ́nu mọ́, mo sì wà láàyè ní méjèèjì.

Ọdún ń gorí ọdún. Ohun tí dókítà sọ ṣẹ: ṣúgà mi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ gòkè padà, díẹ̀díẹ̀, bí àlejò tó gbàgbé fìlà. N ò sọ fún ìyá mi. Ọjọ́ Àìkú kan ni wọ́n pè mí.

"Ohùn rẹ ti sanra," ni wọ́n wí.

"Màámi, ẹ ti tún dé."

"Gbé ẹ̀rọ rẹ. Mo ti gbé tèmi. Ká jọ gún un."

A jọ gún un. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ṣe "ṣíọ̀" nígbà tí abẹ́rẹ́ wọlé. A ń retí kí nọ́ńbà jáde, wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀sà, èmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

"Kí ni tìrẹ wí?" ni wọ́n bi mí.

"Ẹ kọ́kọ́ sọ tiyín."

"Èmi ni mo bí ọ. Sọ tìrẹ."

Mo sọ nọ́ńbà kan. Wọ́n sọ tiwọn. Àwọn méjèèjì dára, wọ́n dára púpọ̀.

"Irọ́ lò ń pa," ni ìyá mi wí.

"Ẹ̀yin náà ń parọ́, Màámi."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, èmi náà bú sẹ́rìn-ín. "Ó dáa," ni wọ́n wí. "Na ìka mìíràn."